Ẹ̀pà Oníṣúgà Nínú Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo tún mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti oúnjẹ tí à ń jẹ yó. Ìpápánu ni. Mo fẹ́ kí a jọ ṣe ẹ̀pà oníṣúgà, láti orí atẹ títí dé inú ìgò, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè dán an wò nínú ilé rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ta ni kò mọ ẹ̀pà láàrin wa? Gúgúrú kò dùn tó láìsí ẹ̀pà. Ẹni tí ó bá jẹ bọ̀ọ̀lì a máa wá ẹ̀pà sí i. Bí oòrùn bá mú, tí a da omi tútù sí gààrì, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ni ó máa ń sọ ọ́ di oúnjẹ gidi. Síbẹ̀, ẹ̀pà yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ará Potogí ni wọ́n gbé e kọjá òkun wá sí Áfíríkà, ó sì ti bá wa gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi í pè é ní àlejò mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí sisí pẹlẹbẹ, èyí tí í ṣe ẹ̀pà inú ṣúgà yíyọ́, tí a tẹ́ pẹlẹbẹ, tí a sì gé sí wẹ́wẹ́. Ẹ óò rántí bàbá dúdú pẹ̀lú, èyí tí a ń fi àgbọn ṣe. Ọmọ ìyá kan náà ni ẹ̀pà oníṣúgà àti àwọn wọ̀nyí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nínú ẹ̀pà oníṣúgà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọ ẹ̀wù ṣúgà tirẹ̀, kò sì lẹ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Ohun mẹ́ta péré ni a ó lò: ẹ̀pà, omi, àti ṣúgà, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní iyọ̀ òyìnbó. Bí a bá fẹ́, a lè fi iyọ̀ tiwa díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kí a tó dá iná rárá, iṣẹ́ kan wà tí ó ṣáájú iná, òun gan-an sì ni ó gbé mi wá síwájú yín lónìí. Iṣẹ́ náà ni ṣíṣa ẹ̀pà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ahọ́n wa dàbí oníbodè ayé àtijọ́. Ẹnu ọ̀nà ni ó jókòó sí, kò sì jẹ́ kí ohun búburú kọjá sí inú ìlú. Bí ọmọdé bá ju ẹ̀pà kan sẹ́nu, tí ó bá korò, kíá ni yóò tu ú dànù, yóò sì máa fi ọwọ́ nu ahọ́n. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Oníbodè ni ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi ṣúgà bo ẹ̀pà kíkorò yìí ńkọ́? A ti fún oníbodè ní rìbá nìyẹn. Adùn a kọ́kọ́ kan ahọ́n, ọmọ a jẹ ẹ́, a gbé e mì, a sì tún na ọwọ́ sí òmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ ṣe ẹ̀pà oníṣúgà gbọ́dọ̀ fi ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ahọ́n ọmọ kò ní lè ṣe mọ́.

Ẹ lè bi mí pé, kí ni ó burú nínú ẹ̀pà kan tàbí méjì tí ó korò? Ṣebí ẹnu lásán ni ó ń bàjẹ́? Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní ọdún 1960, àwọn tí ń sin tòlótòló ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn ọmọ tòlótòló wọn ń kú. Ó ju 100,000 lọ tí ó kú. Kò sí ẹni tí ó mọ irú àrùn tí ó jẹ́, nítorí náà wọ́n ń pè é ní àrùn X. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tọ ipasẹ̀ rẹ̀, inú oúnjẹ tí wọ́n fún àwọn ẹyẹ náà ni ọ̀nà já sí. Ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ kúrò, tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti ilẹ̀ Bràsíìlì, wà nínú oúnjẹ náà. Ẹ̀pà ọ̀hún ti bu.

Ohun tí ń mú ẹ̀pà bu jẹ́ ohun alààyè kékeré tí ó ń hù bí olú, ṣùgbọ́n tí ó kéré ju olú lọ lọ́nà púpọ̀. A máa ní àwọ̀ bí ewé tútù tàbí bí eérú. Àwọn kan nínú irú rẹ̀ a máa tu oró sínú oúnjẹ tí wọ́n bá hù sí. Aflatoxin ni àwọn onímọ̀ sọ oró náà. Ẹ̀dọ̀ ni ó máa ń bá jà. Bí ó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè pa ènìyàn láàrin ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá kéré, ṣùgbọ́n tí a ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún, ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá lára ẹni tí ó ti ní kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú irú B tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe inú ẹ̀pà nìkan ni ó ń gbé. Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní ọdún 2004, àgbàdo tí ó bu ni àwọn ènìyàn jẹ. Àwọn 317 ni ó ṣàìsàn, 125 nínú wọn sì kú.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà yín débi pé ẹ ó sá fún ẹ̀pà. Ẹ̀pà tí ó dára jẹ́ oúnjẹ tí ń mú ara le. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni nǹkan méjì. Èkíní, iná kì í pa oró yìí tán. Yíyan, sísè àti dídín lè dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù yóò wà níbẹ̀. Èkejì ni ó dùn mọ́ mi jù: oró náà kì í tàn ká gbogbo ẹ̀pà bákan náà. Inú ẹyọ díẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ máa ń kó jọ sí, àwọn ẹyọ wọ̀nyí sì sábà máa ń jẹ́ àwọn tí ojú lè rí pé kò dára. Nítorí náà, ìyá ilé tí ó jókòó ti atẹ rẹ̀, tí ó sì ń ṣa ẹ̀pà, ń ṣe ohun tí iná kò lè ṣe fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ṣa ẹ̀pà. Ẹ da ẹ̀pà gbígbẹ tí a kò tíì yan sórí atẹ fífẹ̀, kí ó tẹ́ rẹrẹ, kí ọ̀kan má gun orí èkejì. Ojúmọmọ ni kí ẹ ṣe é, kì í ṣe abẹ́ àtùpà. Ẹ yọ gbogbo èyí tí ó rún jọ bí ojú arúgbó. Ẹ yọ èyí tí awọ rẹ̀ dúdú tàbí tí ó ní àbàwọ́n. Ẹ yọ èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tí ó ti ń hù, àti èyí tí ohun bí òwú tàbí bí eruku àwọ̀ ewé wà lára rẹ̀. Bí ẹyọ kan bá là sí méjì, ẹ wo inú rẹ̀. Bí inú bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ yọ ọ́. Èyí tí ẹ bá ń ṣiyèméjì sí, ẹ má tọ́ ọ wò. Ẹ yọ ọ́. Bí odindi ẹ̀pà náà bá ń rùn pé ó ti bu, kò sí ohun tí a fẹ́ ṣà mọ́ níbẹ̀; ẹ má lò ó.

Àwọn ọmọ lè bá yín ṣe iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé ojú ọmọ ọdún mẹ́jọ mú ju ojú tiwa lọ. Ẹ fún un ní àwo kékeré tirẹ̀, kí ó máa ka iye tí ó bá yọ. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni, ẹ̀kọ́ sùúrù ni, ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sì ni pẹ̀lú. Kí olúkúlùkù fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà.

Wàyí o, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà tí a yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò fẹ́ràn láti da oúnjẹ nù, ìwà rere sì ni. Ẹnìkan yóò ní kí a dà á fún adìyẹ. Ẹlòmíràn yóò ní kí a lọ̀ ọ́ mọ́ ọbẹ̀, ata yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí àwọn tòlótòló ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó pa tòlótòló kò ní ṣàì ṣe adìyẹ yín ní ibi, bí a bá sì lọ̀ ọ́ mọ́ ọbẹ̀, àwa fúnra wa ni a jẹ ẹ́. Ẹ wa ihò, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan kò tó owó ìtọ́jú ọjọ́ kan ní ọsibítù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìdí iná. Ẹ bu agolo mílíìkì méjì ẹ̀pà tí a ti ṣà, agolo kan ṣúgà, àti ìdajì agolo omi. Agolo kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀. Ẹ fi iyọ̀ tí orí ìka méjì lè mú sí i. Ẹ má bó awọ pupa ara ẹ̀pà; awọ yẹn ni ṣúgà yóò fi ọwọ́ dì mú. Ẹ lo ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, àti orógùn igi tí ó gùn. Kí ẹ tó gbé e kaná, ẹ fi òróró díẹ̀ pa ojú atẹ irin kan, kí ẹ sì gbé e sí tòsí. Bí iṣẹ́ bá dé ojú ẹ̀, kò ní sí àyè láti máa wá atẹ.

Ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò, kí ẹ sì gbé e ka iná tí kò le jù. Ìpele mẹ́ta ni yóò là kọjá, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ wọ́n dáadáa.

Ìpele kìíní ni híhó. Ṣúgà yóò yọ́, omi yóò hó, ìfófòó yóò sì bo ẹ̀pà. Ẹ máa rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi márùn-ún sí mẹ́wàá, omi yóò máa gbẹ, ìfófòó náà yóò sì máa ki.

Ìpele kejì ni ti iyanrìn. Lójijì, omi ṣúgà náà yóò gbẹ, yóò sì di funfun ṣákáṣáká bí iyanrìn etí òkun, yóò lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀pà, yóò sì tún wà nísàlẹ̀ ìkòkò. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kígbe pé, “Ó ti bàjẹ́!” Wọn a tún bu omi sí i, tàbí kí wọ́n gbé e kúrò lórí iná. Kò bàjẹ́ rárá o. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Omi tí ó mú ṣúgà yọ́ ni ó ti gbẹ, ṣúgà sì padà di ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ má bu omi kankan sí i. Ẹ dín iná kù, kí ẹ sì máa rò ó lọ.

Ìpele kẹta ni ti àwọ̀ oyin. Iyanrìn tí ó wà nísàlẹ̀ ìkòkò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, lọ́tẹ̀ yìí láìsí omi, iná nìkan ni ó ń yọ́ ọ. Ẹ máa fi orógùn fá a láti ìsàlẹ̀, kí ẹ máa yí i bo ẹ̀pà. Àwọ̀ rẹ̀ yóò máa pọ́n bí oyin, ẹ̀pà yóò máa ta pá-pá díẹ̀díẹ̀, òórùn dídùn yóò sì gba ilé. Ìpele yìí kò fẹ́ ìkánjú, kò sì fẹ́ kí ènìyàn yí ojú kúrò. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí iná bá le jù, ṣúgà yóò dúdú, yóò sì korò, inú ẹ̀pà kò sì ní tíì yan. Bí ẹ bá rí i pé ara ẹ̀pà ti ń dán, tí ìdajì iyanrìn ṣì wà lára rẹ̀ wínníwínní, ó ti tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀ tàbí ata gígún lè wọ́n díẹ̀ sí i ní àkókò yìí.

Ẹ dà á sórí atẹ tí a ti pa ní òróró, kí ẹ fi ṣíbí méjì tú u ká kíákíá, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan má bàa dì mọ́ èkejì. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó tutù pátápátá. Nígbà náà ni yóò tó máa ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu.

Mo ní ìkìlọ̀ pàtàkì kan. Ìgbà tí a ń ṣa ẹ̀pà ni ìgbà àwọn ọmọ. Ìgbà tí ṣúgà bá wà lórí iná kì í ṣe ìgbà tiwọn. Omi hóhó kì í kọjá ìwọ̀n ooru 100, ṣùgbọ́n ṣúgà tí ó ti ń yọ́ ní àwọ̀ oyin ti kọjá 150, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara bí àtè. Kí ọmọ kankan má ṣe wà nítòsí ìkòkò, kí àgbà má sì fi ìka tọ́ ọ wò. Bí ó bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, ẹ gbé ojú ibẹ̀ sí abẹ́ omi tútù tí ń ṣàn, fún 20 ìṣẹ́jú gbáko. Ẹ má fi ipá ṣí ṣúgà tí ó lẹ̀ mọ́ awọ. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin adìyẹ tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i; wọn kì í wo iná sàn. Lẹ́yìn omi tútù, ọ̀dọ̀ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ló kàn.

Ìkìlọ̀ kejì kò gùn. Kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jẹ odindi ẹyọ ẹ̀pà, ìbáà ní ṣúgà, ìbáà má ní. Ó lè há a lọ́fun. Àwọn ènìyàn mìíràn sì wà tí ara wọn kò gba ẹ̀pà rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́, tí ètè rẹ̀ wú, tí ara ń yún un, tí èémí sì ń há a, kí a sáré gbé e lọ sí ọsibítù, kí a má ṣe dúró wo ohun tí yóò dà.

Ẹ kó ẹ̀pà yín sínú ìgò gbígbẹ tí ó ní ìdérí tí ó le. Ṣúgà fẹ́ràn omi. Bí afẹ́fẹ́ òjò bá wọlé sí i, yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Nígbà ọyẹ́, ó rọrùn láti tọ́jú. Nígbà òjò, ìwọ̀nba tí ilé yóò jẹ tán láàrin ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ ṣe. Nítorí eyín àwọn ọmọ, ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan lẹ́yìn oúnjẹ ti tó, kí wọ́n sì fi omi yọ ẹnu.

Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan ń gbọ́ mi tí wọn yóò fẹ́ fi èyí ṣòwò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ gbólóhùn kan sí i. Lójú oníṣòwò, ẹ̀kúnwọ́ tí a yọ dànù yẹn, owó ni. Ọkàn yóò máa sọ pé, “Ta ni yóò mọ̀? Ṣúgà yóò sá bò ó.” Òótọ́ ni, ṣúgà yóò bò ó, kò sì sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò mọ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ yín nìkan ni ààbò rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò bá ọkàn wí. Bí ẹ bá ra agolo ẹ̀pà mẹ́wàá, tí ẹ sì yọ agolo kan dànù, mẹ́sàn-án ni ẹ ní láti tà. Ẹ pín owó tí ẹ fi ra mẹ́wàá sórí mẹ́sàn-án, kí ẹ tó ka èrè. Kò sí àdánù níbẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn tí ẹ bá sì lọ sọ́jà, ẹ má wo ojú àpò nìkan. Ẹ ki ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ra èyí tí ó gbẹ dáadáa, bí ó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ni ìdáàbòbò ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀pà tí a kórè ní àsìkò, tí a sá gbẹ kíákíá, tí a kò sì kó jọ ní tútù, kì í sábà bu. Ní Ìbàdàn níbí, àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Amẹ́ríkà ṣe ohun kan tí à ń pè ní Aflasafe. Irú ohun híhù kan náà ni, ṣùgbọ́n èyí tí kò lóró. Wọn a fọ́n ọn sí oko, yóò sì gba àyè mọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ olóró lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ ṣe tirẹ̀, tí onímọ̀ sì ṣe tirẹ̀, orí atẹ ìyá ilé ni ibodè ìkẹyìn.

Àwọn àgbà a máa wí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá àtúnṣe pé ẹpa kò bóró mọ́. Ẹpa tí í pa oró ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ẹ̀pà tí à ń jẹ. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀pà tí à ń jẹ yìí, ọ̀rọ̀ kò tíì kọjá àtúnṣe níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà lórí atẹ. Lẹ́yìn tí ó bá ti wọ ẹ̀wù ṣúgà, ó di ìgbà tí ó bá dé ẹ̀dọ̀. Ẹ jókòó tì í ní ojúmọmọ, ẹ ṣà á, kí ẹ tó ṣáná. Kí adùn má pa wá lára o. Ó dàbọ̀.